Ẹ Wọ Ẹ̀wù Àránsílẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹni tó bá lọ ra ẹ̀wù àránsílẹ̀ ní ọjà Kútò á gbé e lé àyà, á wo apá, á wo ọrùn, kó tó fa owó yọ. Ẹ̀wù lásán nìyẹn o! Software tí báńkì fi ń ṣírò owó gbogbo wa ńkọ́?

Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Sterling Bank pààrọ̀ tiwọn. Ní oṣù kẹwàá, GTBank náà kó lọ sórí Finacle. Nígbà méjèèjì, ìdààmú bá àwọn oníbàárà. Ẹ fojú inú wo ìyá aláàdìrẹ ní Ìtòkú: oníbàárà ní òun ti fi owó ránṣẹ́, alaati kò dé, ọjà sì ti wọ mọ́tò lọ. Ta ni yóò gba àdánù yẹn?

Àwọn kan ní nǹkan òkèèrè ló ń kó bá wa, ká máa ṣe tiwa. Èmi ò gbà! Finacle, ilé iṣẹ́ Infosys ti ilẹ̀ Íńdíà ló ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n SeaBaaS tí Sterling kó lọ bá, ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é. Ibi tí ẹ̀wù ti wá kọ́ ni wàhálà wà.

Ríra àránsílẹ̀ kò burú. Ta ló ń gbin òwú kó tó wọ ṣòkòtò? Àmọ́ ẹ̀wù tí wọ́n rán sílẹ̀ fún gbogbo ayé kò mọ BVN wa, kò mọ POS tó kún Láfẹ́nwá, kò mọ bí owó ṣe ń rọ́ gììrì ní ìparí oṣù. Ojú ibi tí a ti rán an mọ́ tiwa ló ti máa ń ya.

Ó ṣẹlẹ̀ sí òyìnbó náà. Ní oṣù kẹrin 2018, báńkì TSB ní Ìlú Ọba kó oníbàárà sórí ẹ̀rọ tuntun tó wá láti ọ̀dọ̀ Sabadell ti ilẹ̀ Spéènì, tó ni báńkì náà nígbà yẹn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 èèyàn ni kò rí àkáǹtì wọn wọ̀. Ní 2022, àwọn aláṣẹ bu ìtanràn mílíọ̀nù £48.65 lé báńkì náà. Ní 2023, wọ́n bu £81,620 lé ọ̀gá tó wà nídìí kọ̀ǹpútà lórí, nítorí kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá àwọn tó gbé iṣẹ́ fún ti múra tán.

Ohun tí mo fẹ́ kí CBN pa láṣẹ nìyẹn. Kí báńkì kọ́kọ́ kó òṣìṣẹ́ tirẹ̀ sórí ẹ̀rọ tuntun, lẹ́yìn náà oníbàárà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀ pé a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò Ògùn. Kí ti àtijọ́ wà ní sẹpẹ́, ká lè padà síbẹ̀. Kí ọ̀gá kan fọwọ́ síwèé pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá dàrú, kó wá jẹ́jọ́.

Owó wa kì í ṣe aṣọ tí ẹnikẹ́ni yóò fi kọ́ṣẹ́ télọ̀.