Ta Ló Lé Àlọ́ Kúrò Nínú Àríyá Ọmọdé?

Ariwo ti gba àríyá ọmọdé inú gbọ̀ngàn mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò. Àgbà jókòó ti oúnjẹ, ọmọdé ń jó kí a lè lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Eré tó kù kò ju ti àga lọ: orin á dákẹ́, ẹni tí kò bá rí àga jókòó á jáde. Ọmọ mẹ́wàá ló bẹ̀rẹ̀, mẹ́sàn-án á di òǹwòran. Irú eré wo nìyẹn?

Àlọ́ àpamọ̀ kì í lé ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè mọ ìtumọ̀ èyí tó rú bàbá àgbà lójú, kí gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọpọ́n ayò ńkọ́? Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò ni ọmọ ń kọ́ láìfura, láìsí jẹnẹrétọ̀.

Wọ́n ní kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń gbé àdúgbò wa. Òótọ́ ni. Ṣé Ègùn àti Ìgbò kò ní àlọ́ tiwọn ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á.

Ẹ̀yin òbí tó fẹ́ háyà gbọ̀ngàn, ẹ ní kí wọ́n pa orin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré.