Ọmọ Èrúkù tí kò gbé fóònù sílẹ̀, ṣé àìsàn ló ń ṣe é ni?

Ẹ wo àwọn èèyàn lóde òní. Bí wọ́n bá ń jẹun, fóònù wà lọ́wọ́ òsì, bí wọ́n bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà lórí itan, bí wọ́n bá jí lóru láti tọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Wọn ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àwọn. Àwọn òyìnbó ti fún un lórúkọ, FoMO ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìbẹ̀rù pé àwọn yòókù ń gbádùn ohun kan téèyàn ò sí níbẹ̀.

Lọ́dún 2013, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Andrew Przybylski àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́wàá kalẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn ìbẹ̀rù yìí. Èèyàn á mú nọ́ńbà kan láti 1 dé 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 1 ni pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, 5 ni pé òun gan-an nìyẹn. Bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ ni ìbẹ̀rù ṣe pọ̀ tó. Àwọn ará Tọ́kì náà ní àwọn fẹ́ ẹ lédè tiwọn. Ọ̀kan jáde lọ́dún 2016, nígbà tó di 2019, Gürhan Can àti Seydi Ahmet Satıcı tún gbé òmíì jáde.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ìtumọ̀ lásán ni o. Ẹnì kan á yí i sí èdè ilé, ẹlòmíì tí kò rí ti òyìnbó á tún yí i padà, wọ́n á wá fi méjèèjì wéra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó o lọ bá àwọn èèyàn, wọ́n á ṣírò ẹ̀ bóyá ìdáhùn wọn bára mu. Kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá náà. Láàárín 2003 sí 2004, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn kó irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá lọ bá àgbàlagbà 2,152 tó ti lé lẹ́ni ọdún 65 tàbí tó pé e géérégé, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ, Kwara sì wà níbẹ̀.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ ti le nìyí. Ọ̀kan nínú mẹ́wàá yẹn ń béèrè bóyá èèyàn ṣì ń tọpinpin àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bó bá lọ gbafẹ́ nígbà ìsinmi. Ta ló ń lọ gbafẹ́ ní Èrúkù, nìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara? Ẹni tó bá gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ilé ló ń bọ̀, òkú ìyá ẹnì kan ló fẹ́ bá wọn sin. Òmíì ń béèrè bóyá ó ń dun èèyàn bí kò bá dé òde tí wọ́n jọ ṣàdéhùn. Kì í ṣe ìrẹsì tí kò jẹ ló ń dun Yorùbá. Ohun tó ń dùn ún ni pé olóde á wò yíká, á ní, "Lágbájá ò wá." Ẹ̀sùn gidi nìyẹn, ó sì lè pẹ́ lọ́rùn èèyàn.

Èyí tó wá ju gbogbo ẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ táwọn ará Tọ́kì ń lò. "Kaçırma" ni wọ́n ń pè é kí nǹkan fo èèyàn ru. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún kí wọ́n jí èèyàn gbé. Lọ́hùn-ún, àwọn tó ń dáhùn mọ èyí tí wọ́n ń wí nínú méjèèjì. Ní Èrúkù, méjèèjì ti wọnú ara wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Túsìdeè, ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC Òkè Ìṣẹ́gun níbẹ̀. Ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èèyàn 38 wọgbó. Orí fóònù làwọn ọmọ Èrúkù tí kò sí nílé ti rí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìbọn nínú ilé Ọlọ́run tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Ọjọ́ Àìkú, Sańdè, ọjọ́ 23, ni ìròyìn tó dé pé àwọn 38 náà ti gba òmìnira.

Kí ẹnì kan wá mú ìbéèrè òyìnbó lọ bá ọmọ Èrúkù láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn. Ṣé ara yín kì í balẹ̀ tẹ́ ò bá mọ ohun táwọn èèyàn yín ń ṣe? 5 ni. Ṣé ẹ ò máa pẹ́ jù nídìí ìròyìn báyìí? 5 náà ni. Wọ́n á ro ó pọ̀, wọ́n á ní fóònù ti di bárakú fún un. Bárakú wo? Ẹni tó ń retí ohùn ìyá ẹ̀!

Ìdí nìyí tí nọ́ńbà nìkan ò fi tó. Ìtumọ̀ lè péye kó ṣì ṣi èèyàn wò, bí wọn ò bá béèrè ohun tó dá ìbẹ̀rù sílẹ̀. Ẹni tó ń wo ayẹyẹ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹ̀, kó gbé fóònù jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, kó sùn. Ẹni tó ń wò ó bóyá agbébọn ti débẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó wà lójúfò ló ń fẹ́, àti ẹni tó máa gbé ìpè tí wọ́n bá pè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tòótọ́ náà máa ń kọjá àyè ẹ̀. Bí ewu bá ti rọlẹ̀, tí oṣù ń gorí oṣù, tí oorun ò tún wá, tí àyà ń já nígbàkígbà tí fóònù bá dún, ẹ má pe onítọ̀hún ní ojo. Ẹ mú un lọ rí dókítà. Fóònù kọ́ ló ṣe é, ìbọn ni.