Bí Ẹnu Bá Jẹ, Ojú Á Tì

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Ó ṣòro kí ilẹ̀ ṣú kí ọ̀dọ́ kan má na fóònù sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní áàpù yìí ló dáa jù. Ṣé kí n gbé e sórí ẹ̀?" Èmi náà á bi í pé: "Ta ló ń bọ́ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n máa ń rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ìtàn àwọn ìkànnì tó ń yẹ sọ́fúwià wò fún aráyé, ìtàn ikùn ni.

Ẹ jẹ́ ká mú Tucows. Scott Swedorski ló dá a sílẹ̀ ní 1993, ní ìlú Flint, ìpínlẹ̀ Michigan, l'Amẹ́ríkà. Windows ayé ìgbà yẹn kì í gbé ohun tí èèyàn ó fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì wá látilé. Oníkálukú ló ń wá ètò tirẹ̀ kiri. Tucows kó àwọn ètò náà jọ sójú kan, ó sì ń fi màlúù ṣe òṣùwọ̀n wọn. Èyí tó bá pegedé jù gba màlúù márùn-ún. Nígbà tí kafé gba ìgboro Ìbàdàn kan, tí à ń sanwó àṣemọ́jú, ètò kékeré kan lè gba wákàtí kan kó tó wọlé tán. Ta ló fẹ́ fi òru ṣòfò lórí pàǹtí? Màlúù la ó kọ́kọ́ kà. Bó bá pé márùn-ún, a tẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ ọ̀fẹ́ là ń kà á, ọ̀fẹ́ là ń wà á sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó gbé irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ dúró ń jẹ owó tọ̀sán-tòru. Ọ̀dọ̀ onípolówó ni wọ́n ti lọ wá owó náà. Nígbà tó yá, èèyàn á rí bọ́tìnnì "Download" mẹ́ta lójú ewé kan, ìpolówó sì ni méjì nínú wọn. Ní 2011, ìkànnì Download.com, tí ilé iṣẹ́ CNET ni, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò tirẹ̀ we sọ́fúwià onísọ́fúwià: ohun kan lo wá mú, toolbar tí o kò bèèrè á bá a wọlé. Gordon Lyon, ẹni tó kọ sọ́fúwià tó ń jẹ́ Nmap, figbe ta ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ òun. Ẹni tí a fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé.

Tucows náà gba ìpolówó àti toolbar láyè. Ní 2016 ló tó kó wọn dànù. Níbo ló ti rí agbára? Ilé iṣẹ́ náà ti di òǹtajà orúkọ ìkànnì fún gbogbo ayé, ó tún ń ta iṣẹ́ fóònù tó pè ní Ting. Ó ti yó níbòmíràn, ìyẹn ló ṣe lè ṣòótọ́ níbí. Ṣùgbọ́n ohun tí kò mówó wọlé kì í pẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò. Ní oṣù Kíní 2021, wọ́n kéde pé àwọn ń ti ẹ̀ka dáńlóòdù náà pa. Màlúù tán nílẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni ohun tó le ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀. Kape Technologies, tó ti ni CyberGhost àti Private Internet Access, àwọn VPN tí èèyàn fi ń bo ara lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 149 dọ́là ra ilé iṣẹ́ tó ni vpnMentor, ìkànnì tó ń sọ fún aráyé VPN tó dáa. Kí ọdún náà tó parí, ó ra ExpressVPN mọ́ ọn. Wọ́n kọ ọ́ sójú ìkànnì náà pé Kape ló ni ín, ẹ jẹ́ ká sọ tiwọn. Ṣùgbọ́n tí ẹni tí à ń dá lẹ́jọ́ bá ti ra adájọ́, ìkéde kò sọ ìdájọ́ di tòótọ́.

Àwọn kan á ní kọ́míṣọ̀n tí olùyẹ̀wò ń gbà lórí ohun tí òǹkàwé bá tipasẹ̀ rẹ̀ rà kò ní kí èèyàn purọ́. Òótọ́ ni. Irọ́ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù, ohun tí wọn kì í dárúkọ rárá ni. Àwọn sọ́fúwià ọ̀fẹ́ bíi VLC àti LibreOffice kì í fún ẹnikẹ́ni ní kọ́míṣọ̀n. Ta ni yóò wá jókòó gbé wọn lárugẹ fún ọ? Àwọn ọmọ wa tó ń fi fídíò yẹ áàpù wò náà ń fi kóòdù sí ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá fi kóòdù náà wọlé, owó ni fún wọn. Mi ò bá wọn jà, wọ́n ń wá oúnjẹ òòjọ́. Kí wọ́n ṣáà má pè é ní àgbéyẹ̀wò.

Ọ̀nà mìíràn wà. Láti 1936 ni ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìwé ìròyìn Consumer Reports l'Amẹ́ríkà ti ń fowó ara rẹ̀ ra ọjà tó ń dán wò, kì í sì í gba ìpolówó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń bọ́ ọ. Àwa tí a mọ àjọ dá, tí a mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ló dé tí a kò lè ṣe irú rẹ̀? Kí ẹgbẹ́ àwọn oníPOS, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọlọ́jà dá owó jọ, kí wọ́n ra fóònù, kí wọ́n gba ọmọ tó mọṣẹ́, kó máa tú áàpù báńkì àti áàpù ayánilówó wò, kó sì sọ èyí tó ń pe gbogbo orúkọ inú fóònù láti dójú ti onígbèsè.

Ìjọba náà ní tiwọn. Láti 2022 ni àjọ FCCPC, tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà, ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn ayánilówó orí fóònù. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àgbéyẹ̀wò kún un. Ní 2024, àjọ FTC, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìṣòwò l'Amẹ́ríkà, ṣòfin pé ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ní ìkànnì tó ń yẹ ọjà rẹ̀ wò, kí ìkànnì náà máa pe ara rẹ̀ ní òmìnira. Irú òfin yẹn tọ́ sí wa. Títí yóò fi dé, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ san owó fún ẹni tó ń bá yín yẹ nǹkan wò. Bí ẹ kò bá bọ́ ọ, ẹni tó fẹ́ tajà fún yín yóò bọ́ ọ.