Kí Ló Kan Áàpù Nípa Ibi Tí Mo Wà?

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ gay, tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, tẹ́ ẹ fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń jó lálẹ́ Sátidé, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé kẹ́ ẹ gba áàpù sórí fóònù. Mi ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mò ń ṣe, èmi náà sì jẹ́ gay, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí.

"Ta ló wà nítòsí mi?" yàtọ̀ sí "Níbo ni pátì wà lálẹ́ yìí?" Ti àkọ́kọ́ ni Grindr, tó jáde ní 2009, ń dáhùn. Kó tó lè dáhùn, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí, kó sì jẹ́ kí ẹlòmíì mọ bẹ́ ẹ ṣe jìnnà tó. Ẹni tó bá ń dọdẹ yín á kàn purọ́ fún áàpù pé òun wà níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á ka bẹ́ ẹ ṣe jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fa òbìrìkítí mẹ́ta sórí máàpù. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, ibẹ̀ lẹ wà. Ní 2014, lẹ́yìn tí ariwo ta pé àwọn ọlọ́pàá Íjíbítì lè máa fi í wá èèyàn, Grindr fi iye yẹn pamọ́ láwọn orílẹ̀-èdè kan, títí kan Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ní 2016, àwọn olùwádìí Yunifásítì Kyoto fi hàn pé bí áàpù ṣe ń to àwọn èèyàn, bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó sún mọ́ jù, ti tó láti fi rí yín.

Pátì ò nílò gbogbo èyí. Heaven ti wà lábẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin Charing Cross láti 1979, àṣírí kọ́. Tiwa, àwa aláwọ̀ dúdú, ló ṣòro, torí a kì í sábà nílé tiwa. Oṣù yìí ní Dalston, oṣù tó ń bọ̀ ní Peckham. UK Black Pride pàápàá, ìrìn àjò lọ sétíkun Southend ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Máàpù mọ ilé, kò mọ alẹ́: ẹ lè dé ilé ọtí tó ní àsíá òṣùmàrè lẹ́nu ọ̀nà ní Túsìdeé, kẹ́ ẹ bá bàbá mẹ́ta tó ń wo bọ́ọ̀lù. Àwọn ilé náà ò sì pọ̀ mọ́: ìwádìí UCL ka iye tó lé ní 120 ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2006, ó ku 53 ní 2017.

Ní 1974, London Gay Switchboard fi tẹlifóònù lásán yanjú ẹ̀, lókè ilé ìtàwé kan ní King's Cross. Ẹ pè, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sọ fún yín. Ẹ ò ní láti sọ orúkọ yín. Lójú tèmi, iṣẹ́ ẹ̀rọ tó dára ju áàpù lọ nìyẹn. Tòde òní ò le: ojú ìwé kàlẹ́ńdà kan tó ń ṣí láìsí àkáǹtì, kí fóònù yín fúnra ẹ̀ ṣírò èyí tó sún mọ́ yín, kó má rán ibi tẹ́ ẹ wà sí ẹnikẹ́ni. Òpin ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi lè kọ ọ́.

Ohun tí máa fi síbẹ̀ ni wàhálà. Instagram ni gbogbo pátì wa wà báyìí, nínú fọ́tò. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣí àkáǹtì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í dábàá yín fún gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà yín, títí dé ọ̀dọ̀ àǹtí yín l'Abẹ́òkúta. Ẹ má sọ pé ìlú òyìnbó la wà o. Fóònù yìí kan náà la ń gbé gba Múrítàlá kọjá ní Dìsẹ́ńbà, òfin 2014 sì sọ pé ẹni tó bá kópa nínú kíláàbù gay lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe pátì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ lásán kọ ọjọ́, aago, àdúgbò àti owó ìwọlé síbi tí èèyàn ti lè kà á láì forúkọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa àdírẹ́sì mọ́ títí dọjọ́ náà, kò burú, ẹ fi ránṣẹ́ sẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.