Mọ́tò nìkan kọ́ o: ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dáadáa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìjà ni mo bá wá lónìí. Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀.

Tí Ọjọ́ Àwọn Obìnrin Àgbáyé bá ti dé báyìí, gbogbo orí íntánẹ́ẹ̀tì á kún fún àwòrán Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Lábẹ́ ẹ̀, ẹ óò ka ohun kan náà: obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà, ìyá Fẹlá. Ó parí. Ẹ tẹ like, ẹ máa lọ.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa torí èmi náà ti ṣe é rí. Fídíò ìṣẹ́jú kan, orin lábẹ́ ẹ̀, àwòrán mọ́tò àtijọ́ kan tí mo rí lórí Google (kì í tiẹ̀ ṣe mọ́tò wọn!). Òun ni fídíò mi tí èèyàn wò jù lọ́dún yẹn. Inú mi dùn débi pé mo gbé e han ìyá aláàdìrẹ tí mo máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n wò ó tán, wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ owó-orí wá ńkọ́?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Èmi tí mo jáde yunifásítì o.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ owó-orí rèé. Láti ọdún 1918 ni ìjọba amúnisìn ti ń gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ wọn. Àwọn agbowó-orí a máa já wọ ilé onílé. Wọ́n tiẹ̀ ń bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti wò ó bóyá wọ́n ti dàgbà tó ẹni tó ń sanwó. Ẹ tún ìyẹn kà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, wọ́n tún ń fipá gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà.

Màmá Ransome-Kuti ò kọ́kọ́ sí níbẹ̀ o, ibí yìí ni ìtàn náà sì ti dùn mọ́ mi jù. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé obìnrin ni. Aṣọ rírán, oúnjẹ sísè, ìwà ọmọlúàbí lọ́nà ti òyìnbó. Àwa tí à ń pe ara wa ní ọ̀làjú lónìí, ẹgbẹ́ wa gan-an nìyẹn. Àfìgbà tí àwọn ọlọ́jà wọlé láti wá kọ́ ìwé kíkà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí ojú wọn ń rí. Màmá gbọ́, wọ́n sì yí padà. Wọ́n bọ́ gáùnù, wọ́n ró ìró, wọ́n wọ bùbá, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta.

Ẹ wá wo iṣẹ́. Ẹgbẹ́ gba oníṣirò-owó láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Ìjọba ò fún wọn ní ìwé àṣẹ ìwọ́de, Màmá ní kì í ṣe ìwọ́de, picnic ni! Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin bí wọn ó ṣe bo ojú àti imú tí ọlọ́pàá bá yin tajútajú, àti bí wọn ó ṣe ju agolo ẹ̀ padà. Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ dó sí ààfin Aké, orin èébú lẹ́nu wọn. Wọ́n fagi lé owó-orí náà, nígbà tó sì di oṣù kìíní 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀. Òótọ́ ni pé Kábíyèsí padà dé ní 1950. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, nínú gbogbo eléyìí, mọ́tò wá dà?

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. "Ṣebí mọ́tò la fi ń fa ojú àwọn ọmọdé mọ́ra." Irọ́ ni. Mọ́tò rọrùn láti sọ torí kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Gómìnà lè gbé e sójú ewé ẹ̀. Agbowó ọjà tó ń fi tíkẹ́ẹ̀tì lé ìyá alátà kiri náà lè gbé e. Obìnrin tó wa mọ́tò ò bi yín ní ìbéèrè kankan. Èyí tó ní kí wọ́n mú ìwé ìnáwó wá ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà yín.

Ẹ̀yin kan náà tí ẹ gbé àwòrán Màmá lóṣù kẹta, tí àwọn ọlọ́jà bá ti ṣọ́ọ̀bù lóṣù kẹrin torí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ pè wọ́n ní aláriwo tí ò kàwé.

"Ìyá Fẹlá" náà ń bí mi nínú. Mo fẹ́ràn Fẹlá o, ẹ má bú mi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977 tí àwọn sójà ya wọ Kalakuta, arúgbó ẹni ọdún 76 ni wọ́n jù sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1978 ni Màmá kú. Tí a bá sì ń sọ ọ́, ìbànújẹ́ Fẹlá la máa ń sọ. Ara ta ló fọ́ lọ́jọ́ yẹn?

Mo ti yọ fídíò mi àtijọ́ kúrò, pẹ̀lú gbogbo like ẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní parọ́. Mo ń lọ sí Ìtòkú lọ́jọ́ Sátidé láti ya òmíràn, ìyá aláàdìrẹ ti ní àwọn fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀.