Kì í ṣe ọfà, ọpọlọ ni!

Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá rẹ̀ kan ò gbé mọ́, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé wọ́n ti ta á lọ́fà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún ara, iṣan tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá ló ń gbé àṣẹ náà dé apá àti ẹsẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní neuron, tó tó bílíọ̀nù 86, ló ń ṣiṣẹ́ yìí nínú ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ́ wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì dí ọ̀nà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó lè sún mọ́ mílíọ̀nù 2 níṣẹ̀ẹ́jú kan péré. Èyí tó bá kú kì í hù padà bí èékánná.

Ṣé ẹ rí i pé kò sáyè à ń dúró gbàdúrà mọ́jú? Ọsibítù ni, kíá! Ẹ má ro àgbo sí i lẹ́nu, ó lè há a lọ́fun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sáré owó kiri, ìgbà wo lẹ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò kẹ́yìn? Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo o.