Ká Lé Akátá Jìnnà, Ká sì Fàbọ̀ Bá Adìẹ

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe àwọn àgbà tí ó wí pé ká lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń pa òwe yìí ni a ń fi í pa ẹlẹ́jọ́ lẹ́nu mọ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí ní kété tí akátá bá ti wọ igbó. Apá méjì ni òwe náà ní. Ó ní kí a lé akátá. Ó sì ní kí a padà wá bá adìẹ sọ ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Ìlú tí ó bá ń bá adìẹ jà nígbà tí akátá ṣì wà lójúde ti ṣe àṣìṣe kan. Ìlú tí ó bá lé akátá lọ tán, tí kò sì jókòó ti ọ̀rọ̀ adìẹ, ti ṣe àṣìṣe kejì. Àwọn olórí ìlú Háítì ṣe méjèèjì, ohun tí ó sì ná àwọn ènìyàn wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí gbogbo ẹni tí ń wá òmìnira fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn náà.

Háítì ni apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù ńlá kan tí ó wà nínú òkun ní ìhà Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1697 ni Sípéènì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún Faransé, Saint-Domingue sì ni orúkọ tí Faransé ń pè é. Ìrèké àti kọfí ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di 1789, bí ìdajì kọfí tí gbogbo ayé ń mu ni ó ń ti ibẹ̀ jáde. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà jẹ́ ẹrú tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000, tí a kó láti ilẹ̀ Áfíríkà tàbí tí a bí sí oko ẹrú níbẹ̀. Àwọn ènìyàn tiwa wà nínú wọn. Orúkọ Nàgó wà nínú ìwé àwọn olóko, títí di òní ni àwọn ará Háítì sì ń bọ Ògún, tí wọ́n ń pè ní Ogou, tí wọ́n sì kà mọ́ àwọn òrìṣà Nàgó. Nítorí náà ẹ má ṣe ka ìtàn yìí sí ìtàn àjèjì.

Àwọn òyìnbó tí ó wà níbẹ̀ kò ju bí 30,000 lọ. Láàárín òyìnbó àti ẹrú ni ẹgbẹ́ kẹta wà, tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti òyìnbó dọ́gba: àwọn adúláwọ̀ tí ó ti gba òmìnira, àti àwọn ọmọ tí òyìnbó bí fún obìnrin dúdú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní oko, wọ́n sì ní ẹrú pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ oníṣègùn, kò sì jẹ́ kí wọ́n fi idà kọ́ ìhà bí òyìnbó. Òyìnbó ń kẹ́gàn wọn, àwọn náà ń kẹ́gàn ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba òkèèrè ṣe pín àwọn ènìyàn sí ìpele ìpele, tí ó sì gbin irúgbìn ìjà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà yóò kórè nígbà tí òun bá ti lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1791 ni àwọn ẹrú dìde ní ìhà àríwá, tí wọ́n sì dáná sun oko ìrèké. Ní 1793 ni Sonthonax, aṣojú Faransé, kéde òmìnira níbẹ̀ nígbà tí ó rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kejì ọdún 1794 ni ìgbìmọ̀ ní Paris fi òǹtẹ̀ lù ú. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọlé láti gba ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n Toussaint Louverture, ẹni tí a bí sí oko ẹrú, kó ogun tì wọ́n ní àríwá, André Rigaud, ọmọ òyìnbó àti obìnrin dúdú, sì dojú kọ wọ́n ní gúúsù, títí Gẹ̀ẹ́sì fi kó ẹrù rẹ̀ lọ ní 1798. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Títí dé ibẹ̀, ohun gbogbo ń lọ déédéé.

Ní ọdún kan náà, Hédouville tí ìjọba Faransé rán wá rí i pé àṣẹ Toussaint ti borí tirẹ̀. Kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ, ó kọ ìwé sí Rigaud pé òun ti tú u sílẹ̀ kúrò lábẹ́ Toussaint. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́; ṣùgbọ́n ògiri náà ti lanu tipẹ́tipẹ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 1799 títí di àárín ọdún 1800, àwọn akọni méjì tí wọ́n jùmọ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì kọjú ìjà sí ara wọn, nínú ogun tí ìtàn pè ní Ogun Ọ̀bẹ. Dessalines, ọ̀gágun Toussaint, dó ti ìlú Jacmel. Pétion dáàbò bo ìlú náà fún Rigaud. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà sì wá ran Toussaint lọ́wọ́ láti ojú òkun. Toussaint ṣẹ́gun, Rigaud àti Pétion sá lọ sí Faransé.

Èrè wo ni ó wà nínú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀? Ní ìparí ọdún 1801, Napoleon Bonaparte rán Leclerc, ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, pẹ̀lú ọmọ ogun tí ó ju 20,000 lọ, láti gba ilẹ̀ náà padà. Inú ọkọ̀ wọn ni Rigaud àti Pétion wà. Ẹni tí a lé jáde nílé bá àlejò padà wá. Àwọn Faransé fi ẹ̀tàn mú Toussaint, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Fort de Joux nínú òtútù òkè Jura, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1803. Rigaud ńkọ́? Wọ́n lò ó tán, wọ́n dá a padà sí Faransé. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ìròhìn tí ó dé láti Guadeloupe, pé a ti dá oko ẹrú padà níbẹ̀, ni ó la àwọn ènìyàn lójú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1802, Pétion, Dessalines àti Christophe, tí wọ́n ti ń ta ìbọn sí ara wọn, so ọwọ́ pọ̀. Ibà apọ́njú náà sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ogun Faransé, Leclerc fúnra rẹ̀ bá a lọ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1803 ni ogun ìkẹyìn parí ní Vertières. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1804 ni wọ́n kéde òmìnira ní Gonaïves, tí wọ́n sì sọ ilẹ̀ náà ní Háítì.

Akátá ti lọ. Gbogbo ọ̀gágun wà ní ìjókòó lọ́jọ́ náà. Ìgbà yẹn gan-an ni ó yẹ kí a fàbọ̀ bá adìẹ, kí a béèrè pé: ta ni yóò ni ilẹ̀ tí òyìnbó fi sílẹ̀? Kí ni yóò jẹ́ ti ẹni tí ń roko? Báwo ni a óò ṣe máa yan olórí, ọ̀nà wo ni a óò sì máa gbà yọ ọ́ bí ó bá ṣì ṣe? Ohun tí àwọn ọ̀gágun ṣe ni pé wọ́n fi gbogbo àṣẹ lé Dessalines lọ́wọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni ó pàṣẹ pé kí a pa àwọn òyìnbó Faransé tí ó ṣẹ́ kù, ìtàjẹ̀sílẹ̀ tí a kò lè bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé ilẹ̀ àwọn ẹni ńlá ìhà gúúsù wò, wọ́n ṣọ̀tẹ̀. Olórí tí a kò dá ọ̀nà àtiyọ sílẹ̀ fún, ìbọn ni yóò yọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1806, àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ lúgọ dè é ní Pont-Rouge, wọ́n sì pa á.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1807, tí òmìnira pé ọdún mẹ́ta géérégé, Christophe àti Pétion pàdé lójú ogun ní Sibert. Láti ìgbà náà ìlú di méjì: Christophe ní àríwá, tí ó fi adé dé orí ní 1811, Pétion ní gúúsù, tí ó di ààrẹ títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ní 1816. Kì í ṣe pé wọn kò wúlò. Christophe kọ́ odi ńlá Laferrière sórí òkè, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Pétion pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun, ó sì fi ìbọn ran Bolívar lọ́wọ́ lórí àdéhùn pé yóò dá ẹrú sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti gúúsù. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi ojú kan ṣọ́ òkun, ó sì ń fi ojú kejì ṣọ́ arákùnrin rẹ̀.

Ní 1814 ni ọba Faransé rán àwọn aṣojú wá. Ìjọba méjì ni wọ́n bá nílẹ̀. Christophe mú ọ̀kan nínú wọn, ó bá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fi hàn pé wọ́n fẹ́ dá oko ẹrú padà, ó sì tẹ ìwé náà jáde kí gbogbo ayé lè kà á. Pétion, ní tirẹ̀, wí pé òun yóò san owó fún àwọn olóko tí a lé, bí Faransé yóò bá jẹ́wọ́ òmìnira Háítì. Bí ọ̀rọ̀ owó ṣe wọlé nìyẹn. Nígbà tí Christophe pa ara rẹ̀ ní 1820, Boyer, tí ó jókòó sí ipò Pétion, so ìlú pọ̀; ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti jáde kò ṣeé dá padà. Ní 1825 ni ọkọ̀ ogun Faransé gúnlẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ọba Charles X: kí Háítì san 150 mílíọ̀nù fráńkì ní ìgbà márùn-ún, kí ọkọ̀ Faransé sì máa san ìdajì owó-bodè péré. Boyer gbà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Láti san 30 mílíọ̀nù àkọ́kọ́, Háítì yá 30 mílíọ̀nù ní Paris kan náà. 24 mílíọ̀nù ni ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Orí 30 ni ó ń san èlé lé. Ní 1838 ni a dín èyí tí ó kù kù sí 60 mílíọ̀nù, síbẹ̀ gbèsè tí gbèsè yìí bí kò kúrò nílẹ̀ tán títí di 1947. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù, ni àwọn àgbà wí; ṣùgbọ́n níbo ni a ti gbọ́ pé ẹrú tí ó fi idà gba ara rẹ̀ tún padà san owó orí ara rẹ̀ fún olówó rẹ̀? Ìwọ̀fà ni wọ́n sọ gbogbo ìlú náà dà, ìwọ̀fà tí kò jẹ gbèsè.

Àwọn kan a máa ka ìtàn yìí tán, wọn a ní adúláwọ̀ kò mọ ìjọba í ṣe. Irọ́ ni. Àwọn tí ó lé Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ṣẹ́gun ọmọ ogun Napoleon, kì í ṣe òpè. Àwọn mìíràn a ní ìbọn Faransé ni ó kó gbèsè bá Háítì, kì í ṣe ìjà ilé. Òtítọ́ ni pé ẹ̀bi náà wà lọ́rùn Faransé ju ẹnikẹ́ni lọ, a kò sì ní í gbé e kúrò lọ́rùn rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ gbowó náà rí ilé tí ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ó sì rí olórí kan tí ó ń wá ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ipò rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ohùn ìlú tí ó ń fi ẹnu kan sọ̀rọ̀ létí òkun.

Bí ọmọ ìyá méjì bá wọ iyàrá lọ tí wọ́n sì jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọn kò sọ òtítọ́ fún ara wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n rín jáde ní Gonaïves. Ẹgbẹ́ yòówù tí ó bá ń jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ó wà ní ìṣọ̀kan títí ọ̀tá yóò fi lọ. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá olórí wọn dá májẹ̀mú lójú gbogbo ènìyàn, kí inú ìṣẹ́gun tó mú ojú wọn ṣókùnkùn: iye ọdún tí yóò lò, ọ̀nà tí yóò gbà sọ̀kalẹ̀, àti ìpín ẹni tí ó ru ẹrù ogun náà. Olórí tí ó bá ní kí a fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ títí akátá yóò fi lọ, ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí òun yóò fàbọ̀ bá adìẹ, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.